Ohun Tí Bàbá Kíkẹ́ Gbọ́ Lójú Fèrèsé

Ní Mushin, bí ènìyàn bá ń wá kẹ̀kẹ́ ológeere àlòkù rà, ọ̀dọ̀ Motọ́lání ni wọ́n máa ń júwe fún un. Bàbá rẹ̀, Bàbá Abọ́dúndé, ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ nígbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Èkó. Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí bàbá lè bẹ̀rẹ̀ nídìí táyà mọ́, Motọ́lání fi iṣẹ́ tó ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ní Ọ̀yìngbò sílẹ̀, ó wá gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin ló fẹ́ máa tú ṣéènì. Nígbà tí wọ́n rí i pé kẹ̀kẹ́ tó bá tún ṣe kì í tètè pa dà wá, wọ́n panu mọ́. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tí wọ́n tún mọ̀ mọ́ ọn ni ẹnu.

Bí Motọ́lání bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, kó tó dárúkọ owó, yóò ti bú kẹ̀kẹ́ náà títí ojú yóò fi máa ti ẹni tó ni í. Yóò yí táyà, yóò pòṣé. Yóò tẹ bíréèkì, yóò mi orí bí ẹni tó dé ilé ọ̀fọ̀. Yóò wá ní, "Ẹ gbà mí o! Èyí náà lẹ pè ní kẹ̀kẹ́?" Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Bàbá a máa sọ pé ẹni tó bá yin ọjà kó tó rà á, òun náà ni yóò san owó ìyìn. Láàárín àwọn alágbàtà tó ń kó kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ wá láti Ìdó, kò sí ẹni tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń dùn. Àwọn náà ní èsì tiwọn lẹ́nu. Wọn á bú ọjà, wọn á bú ara wọn, wọn á rẹ́rìn-ín, ó parí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́ ló jẹ́ oníṣòwò.

Ní ìgbà òjò tó kọjá, obìnrin kan pè é lórí fóònù láti Súrùlérè. Ohùn obìnrin náà tutù. Ó ní Jael Ọládipúpọ̀ ni orúkọ òun, pé Màmá Kíkẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pe òun, àti pé kẹ̀kẹ́ kan wà nílẹ̀ tí àwọn fẹ́ tà. Motọ́lání gba àdírẹ́sì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó wọ rọ́bà òjò rẹ̀, ó gbé páńpù sínú báàgì, ó sì forí lé ọ̀nà Ìtirẹ̀.

Ilé náà kò ga, ògiri rẹ̀ mọ́, òdòdó wà nínú ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Kíkẹ́ fúnra rẹ̀ ló ṣí géètì. Obìnrin tó ti sún mọ́ ọgọ́ta ọdún ni, awò wà lójú rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ó sì ti kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì.

Motọ́lání kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàsán mà. Èmi ni Motọ́lání oníkẹ̀kẹ́."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Òjò ò pa ẹ́ jù? Wọlé, wá jókòó sí páálọ̀, kí n bu omi fún ẹ."

"Ẹ má ṣèyọnu mà. Mo ń kánjú. Kẹ̀kẹ́ yẹn dà?"

Màmá Kíkẹ́ dúró díẹ̀ bí ẹni pé ó ṣì fẹ́ sọ nǹkan kan. "Ṣé o ò ní jókòó ná? Ohun kan wà tí..."

"Bó bá di ìgbà mìíràn mà. Òjò mìíràn ń bọ̀."

Obìnrin náà kò bá a jiyàn mọ́. Ó ṣíwájú, ó mú un gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ síbi tí tánkì omi wà. Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ náà fara ti ògiri, lábẹ́ fèrèsé páálọ̀ gan-an. Àwọ̀ ewé ni. Irin tí wọ́n ń di ẹrù sí wà lẹ́yìn rẹ̀, aago kékeré wà lórí ọwọ́ rẹ̀. Táyà méjèèjì ti rọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́ sílẹ̀. Ṣéènì ti dógùn-ún, aláǹtakùn sì ti ta okùn láti ìjókòó rẹ̀ dé ara ògiri.

Bí Motọ́lání ṣe fojú kàn án ni ó ti wọ̀ ọ́ lójú. Irú kẹ̀kẹ́ yẹn ti ṣọ̀wọ́n. Egungun rẹ̀ jẹ́ irin gidi, kì í ṣe fúlẹ́fúlẹ́ tí wọ́n ń kó dé lóde òní. Ìpẹtà tó wà lára rẹ̀ kò wọnú, ọ̀sán kan péré ni yóò fi nù ún kúrò. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá ṣe wu Motọ́lání tó ni ẹnu rẹ̀ ṣe máa ń mú tó.

"Hàà! Màmá, ṣé inú ọ̀sà lẹ ti yọ èyí ni?"

"Kò bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ o," ni Màmá Kíkẹ́ sọ. "Òjò ló pa á."

"Òjò kọ́ ló ṣe èyí mà, ọ̀lẹ ló ṣe é. Ta ló ń gùn ún?"

"Bàbá Kíkẹ́ ni. Ọkọ mi."

Motọ́lání pòṣé. Ó fi ìka fa ṣéènì, ó gbé ìka náà sókè kí obìnrin náà lè rí bó ṣe pọ́n. "Ẹ bá mi kí Bàbá Kíkẹ́ o. Ẹ ní mo ní wọn ò ṣe dáadáa. Ọkùnrin tí ò lè tọ́jú irin tí kì í bèèrè oúnjẹ, kí ló wá fẹ́ tọ́jú?" Ó wo obìnrin náà, ó rí i pé ojú rẹ̀ le díẹ̀, ó sì fẹ́ kó tú ká, nítorí ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn kì í ṣòro bá nájà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń ṣòfófó, àmọ́ ohùn Motọ́lání kì í rẹlẹ̀ tán. "Ẹ̀yin gan-an mà, mo kí yín kú ìfaradà. Àbí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú kẹ̀kẹ́ náà ni wọ́n ṣe ń tọ́jú yín?"

Màmá Kíkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kọ́kọ́ bá òun fúnra rẹ̀ lójijì. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti jáde ná, ẹ̀rín gidi tó ń ti inú wá, irú èyí tí ènìyàn ń rín nígbà tí kò bá tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ pípẹ́. Motọ́lání náà bá a rẹ́rìn-ín. Kọ́tìnì fèrèsé tó wà lókè orí wọn mì díẹ̀. Motọ́lání rí i, ó rò pé atẹ́gùn ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ owó kò pẹ́ rárá. Màmá Kíkẹ́ kò mọ ọjà ná. Motọ́lání fún táyà ní atẹ́gùn, ó dágbére, ó sì ti kẹ̀kẹ́ náà jáde ní géètì pẹ̀lú ìdùnnú. Títí ó fi dé Mushin, ó ń fi orin dá ara rẹ̀ lára yá.

Bàbá Abọ́dúndé wà lórí àga rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kó ti kẹ̀kẹ́ náà sún mọ́ òun. Ó fọwọ́ pa á láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ń dì mú, ó rí i pé ẹnìkan ti fi ọwọ́ rán awọ yí i ká, òwú náà gún, ó sì wà létòlétò.

"Ẹni tó ni èyí fẹ́ràn ẹ̀," ni bàbá sọ.

Motọ́lání gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó ń tú u, òun náà rí i pé epo ṣì wà nínú àwọn ibi tí ojú kò tó, pé wọ́n ti fi aṣọ nu ìdí sípókù kọ̀ọ̀kan nígbà kan rí. Ó hàn pé ìpẹtà náà kò ju ti oṣù mélòó kan lọ. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kàn dáwọ́ dúró lójijì ni. Motọ́lání ronú sí i fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà oníbàárà mìíràn dé, ó sì gbàgbé.

Kẹ̀kẹ́ náà kò pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Máyọ̀kún, ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ télọ̀ ní Ìwáyà, ló rà á. Ó ń wá ohun tí yóò máa fi gbé aṣọ tó bá rán lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Yábà. Ẹnu kan náà tó bú kẹ̀kẹ́ ní Súrùlérè ló tún wá yìn ín ní Mushin. "Àbúrò, irú èyí ò sí mọ́ o," ni Motọ́lání wí. "Tó o bá rà á, o ò tún ní ra òmíràn láyé ẹ." Máyọ̀kún gbà á gbọ́. Òótọ́ sì ni.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, fóònù dún. Màmá Kíkẹ́ ni.

"Motọ́lání, ṣé kẹ̀kẹ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Mo ti tà á mà. Ṣé kò sí o?"

 Obìnrin náà mí kanlẹ̀ ná.

"Bàbá Kíkẹ́ gbọ́ gbogbo ohun tá a sọ lọ́jọ́ yẹn," ni Màmá Kíkẹ́ wí. "Inú páálọ̀ ni wọ́n wà, nídìí fèrèsé."

 Obìnrin náà sì sọ ìyókù fún un.

Olùkọ́ ni ọkọ rẹ̀, Christopher Ọládipúpọ̀. Ilé ìwé kan ní Yábà ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, kẹ̀kẹ́ yẹn ló sì ń gùn lọ, tó ń gùn bọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tó bá mu ògì, aṣọ àti epo ni yóò gbé jáde, yóò jókòó ti kẹ̀kẹ́ náà. Lẹ́yìn ọdún tuntun ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún àti apá ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ wà níta, òjò ń rọ̀ lé e, kò sí ẹni tó rántí gbé e wọlé. Ìyàwó ń sáré láàárín ọ́fíìsì, ilé ìwòsàn àti ilé. Kíkẹ́, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà ní Ìbàdàn pẹ̀lú ọmọ ọwọ́.

"Wọ́n ti ń dìde tẹ́lẹ̀," ni Màmá Kíkẹ́ wí. "Láràárọ̀ ni mo máa ń di apá wọn mú, a ó jọ rìn láti yàrá dé bàráńdà. Wọ́n ti ń gbé ẹsẹ̀ yẹn díẹ̀díẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló ní ká ta kẹ̀kẹ́ náà. Wọ́n ní kí ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ le máa gùn ún. Wọ́n ní tó o bá dé, kí n mú ẹ wọlé, pé àwọn fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó fún ẹ, kó o lè sọ fún ẹni tó bá rà á. Wọ́n ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì dè ẹ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kó o jókòó."

"Ẹ má bínú mà," ni Motọ́lání wí. "Mi ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ ìnájà ni mo ń sọ."

"Mo mọ̀ pé ìnájà ni. Àwọn náà mọ̀. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n sọ fún mi nígbà tí mo wọlé? Wọ́n ní, 'Ohun tí oníkẹ̀kẹ́ yẹn sọ ò dùn mí, ọlọ́jà ni. Ẹ̀rín ẹ ni mo gbọ́, Jael.'"

Motọ́lání gbé sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti dìde mọ́. Tí mo bá na ọwọ́ sí wọn láàárọ̀, wọ́n á ní ó rẹ àwọn. Tí Kíkẹ́ bá pè, wọ́n á ṣe bí ẹni tó ń sùn," ni Màmá Kíkẹ́ wí. "Mi ò mọ ìdí tí mo fi rẹ́rìn-ín. Ìwọ lo sọ ọ́, àmọ́ èmi ni mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé tí mo bá rí kẹ̀kẹ́ yẹn rà pa dà, tí wọ́n bá rí i níbi tó wà tẹ́lẹ̀..."

"Mà á wá a mà," ni Motọ́lání wí. "Mo mọ ẹni tó rà á."

Nígbà tó pa fóònù, bàbá rẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó kọ́kọ́ fẹ́ parọ́. Bàbá tẹjú mọ́ ọn. Ó bá sọ ọ́, ó sì tún ọ̀rọ̀ tó sọ lábẹ́ fèrèsé sọ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Lábẹ́ fèrèsé, ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀. Níwájú bàbá rẹ̀, bí ẹni tutọ́ sílẹ̀ ló rí.

Bàbá Abọ́dúndé kò pariwo. "Kẹ̀kẹ́ ni mo kọ́ ẹ pé kó o máa bú," ló wí. "Ìgbà wo ni mo kọ́ ẹ láti bú ẹni tó gùn ún?"

"Bàbá, ẹ̀yin náà máa ń..."

"Èmi náà máa ń ṣe kí ni? O ti rí i rí kí n wọ ilé onílé kí n má jókòó, kí n má gba omi, kí n má béèrè ìdí tó fi fẹ́ ta nǹkan ẹ̀? Ẹni tó ń ta ohun tó lò, apá kan ara ẹ̀ ló ń tà. A kì í kánjú níbẹ̀."

Motọ́lání fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí yóò gbà. Ó palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù kó tó di àkókò, ó sì wọkọ̀ lọ sí Yábà. Láti ibẹ̀ ló fẹsẹ̀ rìn wọ Ìwáyà.

Máyọ̀kún wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kẹ̀kẹ́ náà dúró ní ẹnu ọ̀nà. Motọ́lání kọjá lára rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ni. Máyọ̀kún ti kùn ún. Ó ti di pupa rúsúrúsú bí ọsàn tó pọ́n, orúkọ ṣọ́ọ̀bù Máyọ̀kún sì wà lára rẹ̀ ní lẹ́tà funfun. Awọ tí wọ́n fọwọ́ rán nìkan ló kù bó ṣe wà.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí! Ṣé kò sí o?"

Motọ́lání jókòó. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, kò fi ibì kankan pamọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àbúrò, jọ̀ọ́, tà á fún mi pa dà. Kẹ̀kẹ́ tó bá wù ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, wá mú un. Kódà kó jẹ́ tuntun."

Máyọ̀kún fi ọwọ́ tẹ́ etí aṣọ tó ń rán. "Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé irú ẹ̀ ò sí mọ́. Mo sì ti rí i pé òótọ́ ni. Òun ló ń gbé mi jẹun báyìí. Tí mo bá fún yín, tó bá jẹ́ pé òmíràn ò ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

Motọ́lání mi orí. Kò lè bá a jà. Òun fúnra rẹ̀ ló ta ọ̀rọ̀ náà fún un.

"Àmọ́ mo lè gbé e lọ síbẹ̀," ni Máyọ̀kún wí. "Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Jẹ́ kí bàbá rí i. Tí wọ́n bá ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún ẹni tó rà á, èmi ni mo rà á."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Motọ́lání dúró dè é lẹ́nu géètì, Máyọ̀kún sì gun kẹ̀kẹ́ dé pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Màmá Kíkẹ́ ṣílẹ̀kùn fún wọn. Nígbà tó rí àwọ̀ kẹ̀kẹ́ náà, ojú rẹ̀ yí pa dà. Ó mú wọn wọ páálọ̀.

Bàbá Kíkẹ́ wà lórí àga nídìí fèrèsé. Ọkùnrin gíga ni tẹ́lẹ̀, ó hàn nínú bí orúnkún rẹ̀ ṣe jìnnà sí àga. Apá ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan bí ohun tí ẹlòmíràn gbé síbẹ̀. Máyọ̀kún ti kẹ̀kẹ́ wọ ẹnu ọ̀nà, ó sì kúnlẹ̀ kí i. Ọkùnrin náà wo kẹ̀kẹ́. Ó pẹ́ tó fi wò ó.

"Tèmi kọ́ nìyẹn," ló wí. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ dé ibi awọ. "Àbí òun ni?"

"Òun ni, sà," ni Máyọ̀kún wí. "Ẹ má bínú, èmi ni mo kùn ún. Mi ò mọ̀. Ó ń ṣe dáadáa, sà. Mo máa ń di ẹrù sí i lẹ́yìn, kì í mì. Àwọn tó ń gun tuntun ò lè lé mi bá."

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọkùnrin náà gbéra díẹ̀. "Tó bá ń gòkè, má fi agbára tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kó mí. Nígbà òjò, kó o máa fi epo sí ṣéènì. Má dúró kó gbẹ."

"Mo ti gbọ́, sà."

Motọ́lání ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn Máyọ̀kún láti ìgbà tí wọ́n wọlé. Ó fi orúnkún wọ́ síwájú. "Bàbá, èmi ni mo sọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Irọ́ ni mo pa. Mo ti rí i nígbà tí mo ń tú u pé ẹ tọ́jú ẹ̀ ju bí ẹlòmíràn ṣe ń tọ́jú ọmọ lọ. Mo kàn fẹ́ rà á ní pọ́ọ́kú ni."

Bàbá Kíkẹ́ yí ojú sí i. "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, mà."

Motọ́lání gbọ́ ọ, ó sì dùn ún. Ọkùnrin náà lè bí i. Ó pe Máyọ̀kún ní ìwọ bí bàbá ṣe ń pe ọmọ, ṣùgbọ́n òun ló pè ní ẹ̀yin, tó fi mà kún un, bí ẹni ń bá àlejò tí kò fẹ́ mọ̀ sọ̀rọ̀. Ì bá kúkú bú òun.

"Ẹ ò mọ̀ pé mo wà nílé," ni ọkùnrin náà wí. Ọ̀rọ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. "Tí ẹ bá mọ̀, ẹ ò ní sọ ọ́. Mo ti dárí jì yín. Àmọ́ mo ti gbọ́ ọ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe bí ẹni tí ò gbọ́."

Ìyàwó rẹ̀ dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá. Ní gbogbo ìgbà tí ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀, kò wo ibi tí ìyàwó rẹ̀ wà rárá.

Máyọ̀kún, tí kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ló gba gbogbo wọn sílẹ̀. "Bàbá, ṣé kí n gùn ún kí ẹ rí i?"

Ọkùnrin náà ronú. "Gùn ún," ló wí. "Gùn ún láti géètì dé ibi tánkì."

Máyọ̀kún ti kẹ̀kẹ́ jáde. Láti fèrèsé, ibi tánkì nìkan ló hàn, géètì kò hàn. Bàbá Kíkẹ́ fi ọwọ́ òsì di apá àga mú. Ó tẹ̀ ẹ́. Àga dún. Màmá Kíkẹ́ sáré síwájú, ó ti na ọwọ́ méjèèjì bó ṣe máa ń nà án láràárọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Fi mí sílẹ̀, Jael."

Kò pariwo mọ́ ọn. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Ó dìde, ó gbọ̀n, ó sì fara ti ògiri. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ òsì wọ́ ògiri náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ tẹ̀lé e, ó kọjá lára tábìlì, ó kọjá lára fọ́tò ìgbéyàwó tó wà lókè, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà bàráńdà. Níta, Máyọ̀kún ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, ó ń gùn ún bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tẹ aago. Bàbá Kíkẹ́ ń wò ó. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Ẹ wò ó, wọ́n dìde!" ni Motọ́lání wí, ayọ̀ sì fẹ́ gba ọkàn rẹ̀. Ó yíjú láti fi han Màmá Kíkẹ́. Obìnrin náà ṣì dúró láàárín páálọ̀, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló tó rántí sọ wọ́n kalẹ̀.

Láti ìgbà náà, àwọn alágbàtà Ìdó ń sọ pé ẹnu Motọ́lání ti kú. Kò kú. Bí wọ́n bá kó kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ wá, ó ṣì ń bú u bó ṣe máa ń bú u. Ṣùgbọ́n bó bá dé ilé onílé, ó máa ń jókòó. Ó máa ń béèrè orúkọ ẹni tó lò ó àti ìdí tí wọ́n fi ń tà á. Àwọn kan máa ń sọ ìtàn tó gùn débi pé ilẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú mọ́ ọn níbẹ̀. Àwọn mìíràn á rò pé amí ni. Nígbà mìíràn, lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ ìtàn, kì í lè dárúkọ owó kékeré tó wà lọ́kàn rẹ̀, yóò sì fi ẹ̀sọ̀ kúrò níbẹ̀ láìrà á. Bàbá rẹ̀ kì í bá a wí.

Ó máa ń pe Màmá Kíkẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti béèrè àlàáfíà bàbá. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, obìnrin náà ní àwọn dókítà yọ̀ mọ́ bàbá gidigidi.

"Wọ́n ti ń rìn," ló wí. "Láràárọ̀. Láti yàrá dé bàráńdà, wọ́n tún ń pa dà. Kíkẹ́ ti wá rí wọn, ó sunkún ayọ̀."

"Ọlọ́run ṣeun o, mà! Ẹ̀yin náà kú iṣẹ́. Mo mọ̀ pé dídì wọ́n mú ò rọrùn."

"Rárá," ni Màmá Kíkẹ́ wí. "Ògiri ni wọ́n ń dì mú."

Motọ́lání jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, òun tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n. Obìnrin náà sì dúró bí ẹni pé ó ń retí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí kò dé, ó ní òun ti gbé ọbẹ̀ kaná, òun fẹ́ lọ wò ó kó má jóná. Wọ́n kí ara wọn pé ó dàbọ̀.